Ọ̀rọ̀ Charles Napier nílé aṣòfin: ṣé “mo” ni kí n kọ àbí “òun”?

Akọ̀wé Òru:
Ẹ kú alẹ́ o. Mò ń tú díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí Sir Charles Napier sọ nílé aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù sí Yorùbá. Òun ni wọ́n fi ṣe olórí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó lọ sí òkun Baltic lọ́dún 1854, nígbà tí wọ́n ń bá Rọ́ṣíà jà. Ẹni ọdún 68 ni nígbà yẹn. Ó fi àsíá ránṣẹ́ sáwọn atukọ̀ pé kí wọ́n pọ́n idà wọn. Idà mú tán, wọ́n gba odi Bomarsund pẹ̀lú àwọn Faransé, ṣùgbọ́n wọn ò kọlu Kronstadt àti Sveaborg, àwọn odi olókùúta ńlá tí Rọ́ṣíà ní. Ní December, wọ́n ní kó sọ àsíá rẹ̀ kalẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n gba ipò olórí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó di November 1855, àwọn ará Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù dìbò yàn án, ó bá gbé ẹjọ́ rẹ̀ wọlé aṣòfin.

Nínú Hansard, ìwé tí wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin jọ sí, bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń ròyìn rẹ̀ ni. Ṣé kí n dá a padà sí “mo”?

Ọmọ Ọlọ́kọ̀:
“Mo” ni jàre. Ẹni tínú ń bí kì í fi “òun” sọ̀rọ̀.

Ìyá Olùkọ́:
Ẹ má dán an wò. Láyé ìgbà yẹn, Hansard ò ní akọ̀wé tirẹ̀ nínú ilé. Inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ. Ìròyìn lẹ rí, ẹ ò gbọ́ ohùn ọkùnrin náà. Inú lẹ́tà rẹ̀ ni “mo” wà.

Yàtọ̀ síyẹn, “òun” máa gbà yín. Sir James Graham, tó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ ológun ojú omi lọ́dún 1854, ni Napier ń bá jà. Graham ti kọ́kọ́ kọ̀wé sí i pé òun ò ní i lọ́kàn kí wọ́n kọlu odi olókùúta wọ̀nyẹn. Nígbà táráàlú ń kùn, ohùn Graham yí padà. Ẹ wo èyí tí mo hun fúnra mi: “Ó ní òun ò kọlu odi náà torí ó ti kọ̀wé sí òun.” Ta ló kọ̀wé? Ọmọdé máa mọ̀ ọ́n. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa dúró fún Napier àti Graham, ẹ máa dá ojú ìwé padà lẹ́ẹ̀mẹta.

Akọ̀wé Òru:
Ẹ ṣé gan-an, Ìyá. Mo ti yí ojú ìwé méjì padà, ó já geere. Àmọ́ níbẹ̀, aṣòfin kì í dárúkọ ara wọn, oyè ni wọ́n fi ń pera wọn. Ṣé kí Napier máa fi “wọ́n” bọ̀wọ̀ fún Graham ni?

Ìyá Olùkọ́:
1786 ni wọ́n bí Napier, Graham 1792. Ẹ̀gbọ́n ni Napier, inú sì ń bí i. “Ó” ni kẹ́ ẹ kọ. Tẹ́ ẹ bá kọ “wọ́n”, àwọn òǹkàwé máa rò pé gbogbo ilé iṣẹ́ náà ló ń bá wí.

Ọmọ Ọlọ́kọ̀:
Ó dáa, mo gbà.