Èsì: Ṣé «ìwà ipá» la ó pe gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú fíìmù Django?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó fẹ́ kọ àríwísí ní Yorùbá lórí Django Unchained, fíìmù kabọ́ì tí Quentin Tarantino gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ Kérésìmesì 2012, ló bi wá ní ìbéèrè méjì. Kí ni ká máa pe irú eré bẹ́ẹ̀? Kí ni ká sì máa pe ìbọn yínyìn àti ẹ̀jẹ̀ tó kún inú rẹ̀? Àwọn fúnra wọn dábàá «eré Ìwọ̀-Oòrùn», ìyẹn ìtumọ̀ «Western» tí àwọn òyìnbó ń pè é, àti «ìwà ipá». Látìgbà náà ni ẹ ti ń fà á mọ́ra yín lọ́wọ́: ẹnì kan ní eré tó gbẹ̀san àwọn baba wa ni, èkejì ní ẹni tó bá ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣeré kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń ta á sílẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ tí a yàn ló dá ìjà yẹn sílẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ kò gba àkókò. «Eré Ìwọ̀-Oòrùn» kò lè dúró. Ẹ dárúkọ Ìwọ̀-Oòrùn fún àgbàlagbà kan n'Íbàdàn, ìjọba Awólọ́wọ̀ ló máa wá sí i lọ́kàn, kì í ṣe Texas. Fíìmù kabọ́ì ni gbogbo ayé ń pè é: àkẹtẹ̀, ẹṣin, ìbọn ní bàdí. Ẹni tó ní Django, ẹrú tó di òmìnira tí eré náà dá lé lórí, kò da màlúù rí sọ òótọ́, àmọ́ mélòó nínú àwọn kabọ́ì inú sinimá ló ń da màlúù?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni «ìwà ipá». Ọ̀rọ̀ ìròyìn ni. Àwọn tó já àpótí ìbò gbà, ọkọ tó ń lu ìyàwó, àwọn ọmọọ̀ta tó dáná sun ọjà, àwọn la fi ń bá wí. Kí èèyàn tó parí gbólóhùn, ó ti dájọ́ ná. Bí a bá wá gbé e ka orí gbogbo ìran inú fíìmù yìí, a ti da ẹni tó mú pàṣán àti ẹni tí wọ́n ń nà pọ̀ sójú kan.

Ẹ wo ìran ajá. Ẹrú kan tí wọ́n ń pè ní D'Artagnan, tí Calvin Candie, olóko ẹrú kan, ń mú jà fún tẹ́tẹ́, sá lọ nítorí kò lè jà mọ́. Wọ́n rí i mú. Schultz, òyìnbó tó sọ Django di òmìnira, fẹ́ sanwó kí wọ́n dá a sílẹ̀, Django ló ní kó má san án, nítorí pé oníṣòwò ẹrú ló ń díbọ́n pé òun jẹ́, bí àánú bá hàn lójú rẹ̀, àṣírí tú, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ẹrú Candie, tí wọ́n torí rẹ̀ wá, sì gbé nìyẹn. Wọ́n tú ajá sílẹ̀, ajá fa ọkùnrin náà ya. Kò sẹ́ni tó lè pàtẹ́wọ́ níbẹ̀. Ìkà la ń pe ìyẹn, kò sì nílò àdàpè.

Ẹ wá fi wé ìjà inú ilé Candie. Ẹ̀jẹ̀ ń tú yàà bí omi ẹ̀rọ tó bẹ́, òkú ń jẹ ọta lé ọta. Lẹ́yìn náà ni Django yìnbọn lu arábìnrin Candie, obìnrin náà sì fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúrò lójú ìlẹ̀kùn lọ́nà tí ìbọn kankan kò lè gbà ju èèyàn. Ẹ̀rín ló ń pa àwọn òǹwòran níbẹ̀. Tarantino fúnra rẹ̀ sọ pé oríṣi méjì ni ìtàjẹ̀sílẹ̀ tó wà nínú eré náà: ohun tí ojú àwọn ẹrú rí lóòótọ́, àti èyí tí òun ṣe kí inú òǹwòran lè dùn. Spike Lee, adúláwọ̀ olùdarí fíìmù ní Amẹ́ríkà, kò gbà. Ó ní òun kò ní wò ó, pé àfojúdi ni sí àwọn baba ńlá òun, oko ẹrú kì í ṣe eré kabọ́ì. Ẹ ò rí i pé orí oríṣi kejì gan-an ni àríyànjiyàn wà? «Ẹ̀san» ni mo fẹ́ ká lò fún un. Mo mọ̀ pé yóò ni àwọn kan lára, torí bí a bá ti ní ẹ̀san, a ti gbà pé ẹni náà jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ a kò sì rí arábìnrin Candie kó na ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ilé tó jẹ́ pé ẹrú ló ń bọ́ ọ ló ń gbé.

Schultz tún yàtọ̀. Ó ń pa ọ̀daràn tí ilé ẹjọ́ ń wá, ó sì ń gbowó lórí wọn. Àbúrò wa kan dábàá «apààyàn-gbowó» fún iṣẹ́ yìí, mo sì lòdì sí i: ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ wà lápò rẹ̀, òun ló fà yọ nígbà tó pa ṣẹ́ríífù, ọ̀gá ọlọ́pàá ibẹ̀, láàárín ìlú. Òun náà sọ fún Django pé òwò ara èèyàn fún owó ni òun ń ṣe, bíi ti àwọn olówò ẹrú, àmọ́ òkú ni òun ń kó fún ilé ẹjọ́. «Ọdẹ ọ̀daràn» ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i o, kí ẹnikẹ́ni má kà á sí ọ̀dẹ̀.

Ẹni tó kọ «ìwọ̀fà» fún Django, ẹ yọ ọ́. Ìwọ̀fà ń fi iṣẹ́ dípò èlé, ọjọ́ tí wọ́n bá san gbèsè ló ń lọ sílé. Wọ́n ra Django ni.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ní ẹ ó kan The Hateful Eight, fíìmù kabọ́ì míì tí Tarantino gbé jáde ní 2015. Níbẹ̀, John Ruth, ọdẹ ọ̀daràn kan, fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so Daisy, obìnrin tó mú, mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, bó bá ti lanu, á fi ìgúnpá gbá a lójú. Ilé ẹjọ́ ń wá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sóhun tó ń gbẹ̀san níbẹ̀. Èyí tí ẹ dábàá yẹn gan-an ni kí ẹ lò fún un: ìwà ipá.