Orúnkún ìyá mi ń dùn wọ́n: ṣé kí wọ́n fi ọjà sílẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì, Òjé:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 67 ni wọ́n, elùbọ́ ni wọ́n ń tà ní Ọjà'ba. Láti bí oṣù mẹ́ta ni orúnkún ọ̀tún ti ń dùn wọ́n. Bí wọ́n bá jí, á le gan-an, àmọ́ kó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á ti rìn ín yọ. Bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè Màpó, á máa dún, ìrora á sì pọ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n jókòó sílé. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń sunkún ọjà, àánú wọn sì ń ṣe mí. Kí ni ká ṣe?

Fisiò Mókọlá:
Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Iṣẹ́ mi nìyí: fisiò ni mí, ìdárayá la fi ń tọ́jú egungun àti iṣan. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jókòó pa.

Ibi tí egungun itan ti pàdé egungun ojúgun ni orúnkún. Kèrékèré tó ń dán ló bo orí àwọn egungun náà kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Kèrékèré méjì mìíràn tó tẹ̀ bí oṣù tuntun tún wà láàárín, bí òṣùká lábẹ́ ẹrù. Àpò kan yí gbogbo rẹ̀ ká, omi tó ń fà bíi funfun ẹyin wà nínú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: kèrékèré tó bo orí egungun kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ rárá. Inú omi yẹn ló ti ń jẹun. Bí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, omi á fún jáde lára rẹ̀. Bí a bá gbé e, á tún fà á mu, bíi kànìnkànìn. Ẹni tó bá jókòó tẹtẹrẹ, ebi ló fi ń pa kèrékèré rẹ̀.

Ìyá Àgbà, Bẹẹrẹ:
Kèrékèré náà là ń rún lórí egungun adìẹ. Ọmọ mi, ẹ ṣọ́ oògùn ìrora tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀ o. Ojoojúmọ́ ni mo ń lò ó, ọgbẹ́ inú ló fi gbé mi dé ọsibítù.

Fisiò Mókọlá:
Òótọ́ ni màmá sọ. Oògùn náà lè ba kíndìnrín jẹ́ pẹ̀lú. Kí wọ́n jókòó sórí àga, kí wọ́n na ẹsẹ̀ gbọọrọ, kí wọ́n ka ení dé àrún kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ìgbà 10, láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí iṣan itan bá lágbára, á bá orúnkún gbé ẹrù. Bí wọ́n bá sanra, kílò kan tí wọ́n bá jò, bíi kílò mẹ́rin ló ń fúyẹ́ lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ẹ mú wọn lọ fún àyẹ̀wò. UCH, ọsibítù ńlá Ìbàdàn, ní ẹ̀ka fisiò. Bí orúnkún bá wú, tó gbóná, tí ibà tẹ̀lé e, ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé wọn lọ.

Ìyá Ìbejì, Òjé:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Màmá ti na ẹsẹ̀ lálẹ́ àná. Ọwọ́ wo ni kí wọ́n fi mú ọ̀pá?

Fisiò Mókọlá:
Ọwọ́ òsì, níwọ̀n bó ti jẹ́ orúnkún ọ̀tún ló ń dùn wọ́n. Kí ọ̀pá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún jọ máa kan ilẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kó ṣáájú.