Ìjì àná ti ká òrùlé wa lọ o! Ta ló ti bá insurance fà á rí?

Ìyá Ìbejì, Richardson
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ìjì tó jà lálẹ́ àná, irú èyí tó ń yí bírí tí wọ́n ń pè ní tornado, ọ̀dọ̀ wa ló gbà kọjá. Ìdajì òrùlé ti lọ, igi aládùúgbò wó lu ilé ìdáná, òwú inú àjà ti mumi yó, ó ń já bọ́ gbì gbì bí ẹ̀kọ tútù. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó fara pa. Nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ìjì ń bọ̀, bàbá wọn ní ká bọ́ sínú mọ́tò, la bá sá lọ sábẹ́ bíríìjì ọ̀nà márosẹ̀ 75 títí ó fi rọlẹ̀. Ní báyìí, ọkùnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àkàbà, ó ní òun á ṣe òrùlé, òun á sì bá wa fojú fo deductible, ìyẹn owó tó yẹ ká fi tiwa san kí insurance tó san tiwọn, àfi kí n fọwọ́ sí ìwé kó tó di ọ̀sán. Ṣé kí n fọwọ́ sí i? Hótẹ́ẹ̀lì tá a máa sùn ńkọ́, ta ló ń san án?

Bọ̀dá Tájù, Mesquite
Ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan! Láti 1 September 2019 ni òfin Texas ti sọ ọ́ gbangba pé oníṣẹ́ òrùlé kò gbọ́dọ̀ báni yẹ deductible sílẹ̀. Ẹni tó bá fi rírú òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, báwo ló ṣe fẹ́ parí ẹ̀?

Àǹtí Bísí, Garland
Mo ti jìyà ẹ̀ rí. Ìjì December 2015 ló gbé tèmi, ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Mo fọwọ́ sí irú ìwé yẹn, mo ṣe bí pé kó lè gun òrùlé wò ó lásán ni, àṣé mo ti gbé gbogbo iṣẹ́ náà fún un. Ṣẹ́ẹ̀kì àkọ́kọ́ dé, mo kó owó fún un, ó ní òun ń lọ ra ohun èlò. Títí dòní ni mo ń retí ẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi gbé lábẹ́ tapólì.

Alhaji, Arlington
Ẹ wo ìwé insurance yín dáadáa. Deductible ti ìjì àti yìnyín kì í sábà jẹ́ iye kan pàtó, ìdá kan nínú iye tí wọ́n kọ sí ilé ni. Bó bá jẹ́ 2%, tí iye tí wọ́n kọ sí ilé sì jẹ́ 300,000 dọ́là, 6,000 dọ́là ló máa tapò yín jáde. Bẹ́ ẹ bá sì jẹ báǹkì lówó ilé, orúkọ báǹkì lè wà lára ṣẹ́ẹ̀kì náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó rí i ná. Ẹ ya fọ́tò gbogbo nǹkan, ẹ má tíì kó ìdọ̀tí kankan dànù.

Bàbá Rèmí, Oklahoma City
Ẹ dá ọ̀rọ̀ òrùlé dúró ná. Abẹ́ bíríìjì kẹ̀? Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ní 3 May 1999, lọ́dọ̀ wa níbí, èèyàn 3 ló kú síbi tí wọ́n sá sí lábẹ́ bíríìjì. Atẹ́gùn máa ń fún ara ẹ̀ kọjá lábẹ́ ibẹ̀ ni, agbára ẹ̀ á wá le sí i, pákó àti páànù tó gbé á máa fò bí ọta ìbọn.

Dérìn, Plano
Bàbá, wọ́n ṣáà yè é. Ilé pákó àti páálí tí wọ́n ń kọ́ níbí, ta ló fẹ́ dúró sínú ẹ̀? Ká ní búlọ́ọ̀kù ilé wa ni, mi ò bá gbà.

Bàbá Rèmí, Oklahoma City
Dérìn, ilé ìwẹ̀ tó wà láàárín gbùngbùn ilé, nísàlẹ̀, tí kò ní fèrèsé. Ẹ kó àwọn ọmọ sínú báàfù, ẹ fi mátírẹ́ẹ̀sì bò wọ́n, ẹ dé wọn ní akoto kẹ̀kẹ́. Àná, ọpẹ́ Olúwa ni. Lọ́la, ẹ má tún un ṣe.

Àǹtí Bísí, Garland
Òótọ́ ni Bàbá ń sọ. Lọ́dún 2015 níbí, inú mọ́tò ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kú wà, níbi tí ọ̀nà márosẹ̀ 30 ti pàdé ọ̀nà George Bush. Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kejì. Mọ́tò tó rún bí agolo mílíìkì, bàtà ọmọdé kan sì wà lórí koríko. Mi ò tíì gbàgbé bàtà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà kẹ́ ẹ tó wọ ilé ìwẹ̀. Èmi ò wọ̀ ọ́, ìgò gún mi débi pé wọ́n rán ẹsẹ̀ mi.

Ìyá Ìbejì, Richardson
Mo gbọ́ o. A ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà ti bínú lọ. Hótẹ́ẹ̀lì ńkọ́?

Alhaji, Arlington
Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “loss of use” sí nínú ìwé insurance yín, òun ló ń san owó ibi tẹ́ ẹ máa gbé nígbà tí ilé kò bá ṣeé gbé. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ti oúnjẹ pàápàá. Ẹ ya fọ́tò inú fírísà náà. Wọ́n bi ìyàwó mi léèrè iye tí ìgbín jẹ́, odindi wákàtí kan ló fi ń ṣàlàyé.

Káyọ̀dé, Houston
Ẹ kó wá sí Houston jàre. Kò sí irú èyí lọ́dọ̀ wa.

Bọ̀dá Tájù, Mesquite
Omi tí ìjì Harvey kó wọ Houston ńkọ́? Ìwọ tó o gun orí tábìlì ìjẹun ní 2017 pẹ̀lú àpò gààrí lọ́rùn!

Káyọ̀dé, Houston
Omi kì í ká òrùlé lọ! Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Ògùnpa 1980 ti kọ́ àwọn òbí mi ní ìwẹ̀.

Dérìn, Plano
Ìyá mi pè láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní ṣé ààjà ni. Mo ní Màámi, ààjà máa ń dá ẹni tó bá gbé padà pẹ̀lú iṣẹ́ ìṣègùn. Èyí kì í dá nǹkan kan padà.

Àǹtí Bísí, Garland
Àárò ìjì ilé ń sọ mí. Kò tíì rọlẹ̀ tán tá a ti máa gbé abọ́ lọ sídìí máńgòrò.

Bàbá Rèmí, Oklahoma City
Á tutù nini lọ́wọ́, iyẹ̀pẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn lára. A ó fi aṣọ nù ún, a ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Richardson
Tiwa wà lẹ́yìn ilé ìyá ìyá mi ní Ìlá. Àwọn ìbejì ń bi mí ohun tí mo ń rẹ́rìn-ín sí. Ẹ ṣé o. Mo ṣì wà lórí fóònù pẹ̀lú insurance, orin ni wọ́n ń kọ fún mi láti aago mẹ́sàn-án. Iye ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa ń san hótẹ́ẹ̀lì fún?

Káyọ̀dé, Houston
Máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ ló dùn jù ṣá.