Rédíétọ̀ mọ́tò pẹ̀lú omi tútù dípò AC: ṣé ó lè ṣiṣẹ́ l'Ékòó?

Ọmọ Ṣómólú

Ẹ kú ooru o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn yín. Yàrá kan ṣoṣo la ní níbí ní Ṣómólú, òkè pátápátá ni, páànù ló borí wa, sílíìnì abẹ́ ẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an, tó bá ti di oṣù kejì sí ìkẹta báyìí aago mẹ́wàá alẹ́ á lù, ògiri á ṣì máa tú ooru sí wa lára. Ọmọ wa ò tíì pé ọdún kan, gbogbo ọrùn ẹ̀ ló ti sú wínníwínní. Ti AC ò sí ńbẹ̀ rárá, jẹ́nẹ́ wa ò lè gbé e. Mo wá rí fídíò kan tí òyìnbó kan gbé rédíétọ̀ mọ́tò síwájú fáànù, pọ́ǹpù kékeré ń fa omi tútù látinú kúlà gba inú rédíétọ̀ kọjá, omi ń padà sínú kúlà, atẹ́gùn tó ń jáde wá tutù nini. Àbúrò mi ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ládípọ̀, ó ní rédíétọ̀ tòkunbọ̀ ò lè wọ́n wa. Ṣé omi bọ́hòòlù lásán tó àbí dandan ni yìnyín? Irú rédíétọ̀ wo ló dáa? Ṣé yàrá 12 by 12 á tutù lóòótọ́? Ẹ má ṣáà ní kí n lọ ra AC o, mo bẹ̀ yín.

Plọ́ńbà Bàríga

Omi bọ́hòòlù ti tó, má lọ náwó yìnyín. Oòrùn ò dé abẹ́ ilẹ̀, omi tó bá tibẹ̀ jáde tutù ni, òun làwọn òyìnbó míì fi ń mú ilé wọn tutù, wọ́n á fà á wá, wọ́n á gbà á gba kọ́ìlì, wọ́n á dà á padà sínú ilẹ̀. Ìwọ ṣáà ra pọ́ǹpù tó dáa.

Ẹlẹ́rọ AC Sùúrùlérè

Ẹ̀gbọ́n Plọ́ńbà, ẹ ò parọ́ o, wọ́n ń ṣe é lọ́hùn-ún, àmọ́ ilẹ̀ tiwọn kọ́ nilẹ̀ tiwa. Bí ìlú kan bá ṣe ń gbóná sí tàbí tutù sí látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin ni omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe máa ń rí. Ní Jámánì ó máa ń wà ní bíi dígírì 10 sí 12, ìyẹn á tu yàrá lóòótọ́. L'Ékòó ńkọ́? Bíi 27, 28 ni. Ní Toronto ní Kánádà, láti 2004 ni wọ́n ti ń fa omi tó wà ní bíi dígírì 4 látinú adágún Ontario, ibi tó jìn tó mítà 83, òun ni wọ́n fi ń mú àwọn ilé gogoro àárín ìlú wọn tutù. Ọ̀sà tiwa ò jìn bẹ́ẹ̀, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tí yàrá bá wà ní 33 tí omi inú rédíétọ̀ jẹ́ 28, atẹ́gùn tó máa jáde á tó bíi 30, ara ò ní mọ ìyàtọ̀ ẹ̀ sí fáànù lásán. Ká má tíì sọ pé inú táǹkì dúdú lókè lomi bọ́hòòlù ń gbà kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ, ẹni tó bá ti fi wẹ̀ lọ́sàn-án gangan mọ ohun tí mò ń wí.

Nítorí náà yìnyín ni, Ọmọ Ṣómólú. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ kó o tó náwó. Báàgì pure water kan, 20 ló wà ńbẹ̀, 50cl ọ̀kọ̀ọ̀kan, kílò 10 nìyẹn. Tí gbogbo ẹ̀ bá di yìnyín, tó yọ́ tán, tómi ẹ̀ tún gbóná dé 25, gbogbo ooru tó máa gbà lára yàrá ò tó èyí tí AC 1 horsepower ń kó jáde ní ìdajì wákàtí. Ìdajì wákàtí péré! Torí náà yàrá 12 by 12 lábẹ́ páànù, gbàgbé ẹ̀, kò lè tutù. Àmọ́ ara àgbàlagbà kan tó sùn ń tú ooru bíi 70 sí 100 watt jáde, báàgì kan yẹn sì lè gbé ooru ara ẹni méjì fún wákàtí bíi mélòó kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Bẹ́ẹ̀dì ni kó o tù, fi yàrá sílẹ̀. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó máa fẹ́ sínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, sí ọ̀nà ẹsẹ̀, má jẹ́ kó dojú kọ ọmọ tààrà. Kó o sì gbé tíréè sábẹ́ ẹ̀ o, atẹ́gùn Èkó lómi nínú gan-an, rédíétọ̀ tútù á máa làágùn ṣáá ni, apá kan agbára yìnyín yẹn ìyẹn ló máa bá lọ. Ìdí nìyẹn náà tí àwọn fáànù olómi tí wọ́n ń polówó pé AC ni ò fi wúlò níbí, wọ́n dáa ní Òkè Ọya nígbà ọyẹ́ tí atẹ́gùn gbẹ, níbí ṣe ni wọ́n á tún da omi kún omi.

Ìyá Oníyìnyín Ìdúmàgbò

Ọmọ mi, níbo ni fírísà ẹ wà? Ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ dáhùn. Èmi tí mò ń ta áìsì bílọ́ọ̀kù l'Ìsàlẹ̀ Èkó níbí, mo mọ ohun tí fírísà ń ṣe. Ooru tó bọ́ lára omi, ẹ̀yìn fírísà ló ń gbà jáde, iná tó jẹ náà tún di ooru lé e. Tó bá wà nínú yàrá kan náà tẹ́ ẹ̀ ń sùn, ooru lẹ rà kún ooru. Kó wà ní pásééjì tàbí ṣọ́ọ̀bù, tàbí kó o kúkú máa ra yìnyín.

Inú ike omi lítà kan ààbọ̀ ni kó o ti dì í, má kún un dẹ́nu kó má baà bẹ́, kó o wá to àwọn ike yẹn sínú kúlà tómi wà. Láàárọ̀ o dá wọn padà sínú fírísà, omi kúlà ò yí padà, ìdọ̀tí ò wọ pọ́ǹpù. Àwọn tó ń da yìnyín sínú omi ní tààrà á ní kó o da iyọ̀ sí i. Lóòótọ́ omi á tutù sí i, àmọ́ yìnyín á tètè tán, iyọ̀ á sì jẹ rédíétọ̀ yẹn. Omi kànga apá ọ̀dọ̀ wa níbí tí iyọ̀ wà nínú ẹ̀, òun náà má fi sí i. Kó o sì mọ̀ pé kílò 10 yẹn lè jẹ iná tó súnmọ́ unit kan kó tó dì, àwa tá a wà ní Band A tí wọ́n gbé unit kúrò ní ₦68 sí ₦225 ní oṣù kẹrin 2024, a mọ̀ ọ́n lára.

Ọmọ Ládípọ̀

Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti rédíétọ̀, iṣẹ́ wa nìyẹn. Ẹ má gbé ti bọ́ọ̀sì tàbí tírélà, ó nípọn jù, fáànù ilé ò lágbára tó máa fẹ́ gbà á kọjá. Tó bá jẹ́ fáànù orí tábìlì, heater core ni kẹ́ ẹ wá, rédíétọ̀ kékeré tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń mú inú mọ́tò móoru nílùú olótùútù. Níbí ta ló fẹ́ ooru nínú mọ́tò, tó bá ti jò báyìí mẹkáníìkì á kàn so họ́ọ̀sì ẹ̀ pọ̀ ni, ìdí nìyẹn tí kì í fi wọ́n. Tó bá jẹ́ standing fan, ẹ wá ti mọ́tò kékeré, bíi Picanto tàbí Micra, tó fẹ̀ tójú fáànù, tó sì tín-ín-rín. Ẹ fi páálí dí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ káàkiri tí kò fi ní sí àlàfo, torí atẹ́gùn máa ń wá ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn gbà, tí ẹ̀gbẹ́ bá ṣí kò ní gba inú rédíétọ̀ rárá.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí jù nìyí, torí ọmọ wà nílé: kúláǹtì tó kù nínú rédíétọ̀ tòkunbọ̀, májèlé ni. Ó dùn lẹ́nu, ọmọdé lè lá a, ajá lè lá a, díẹ̀ lè ba kídìnrín jẹ́. Ẹ gbọ̀n ọ́n sínú gálọ̀nù ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, kí ẹ fi omi ọṣẹ fọ inú ẹ̀ títí tómi á fi mọ́ gaara, ẹ má gbé e wálé kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́. Àwọn oní-bàbà àtijọ́ sì ní òjé níbi tí wọ́n jó pọ̀, torí náà ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu omi inú kúlà yẹn, kódà tó mọ́ bí ojú. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ mú un dé ọ̀dọ̀ fọganáísà, kó fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i nínú bàsíà omi, tó bá ń hó, ẹ dá a padà fún wọn. Fáànù tó bá rédíétọ̀ mọ́tò wá, ẹ má lò ó, ó lè fa amp 10 sókè, bátìrì á kú kílẹ̀ tó mọ́.

Ọmọ Ṣómólú

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé Ìyá wa. Fírísà wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi nísàlẹ̀, ó ti ń fi ta omi tútù tẹ́lẹ̀, àyè ike bíi mẹ́fà kò ní nira. Àmọ́ iná ìrọ̀lẹ́ la máa ń rí níbí, òru ni wọ́n ń mú un lọ. Ṣé kí n máa ti fèrèsé tí n bá tan nǹkan yìí?

Ẹlẹ́rọ AC Sùúrùlérè

Ibi tí ọgbọ́n yìí ti wúlò gan-an nìyẹn. Tó bá jẹ́ ká wo iná nìkan, AC ń ná iná tó kéré ju ti fírísà lọ fún òtútù kan náà, òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n yìnyín ni bátìrì tìẹ, iná ìrọ̀lẹ́ lo fi dì í, òru tí kò síná lo máa jẹ ẹ́. Fún òru wàá nílò pọ́ǹpù 12 volt kékeré pẹ̀lú fáànù rechargeable, méjèèjì papọ̀ má jẹ́ kó ju bíi watt 25 lọ. Má lo pọ́ǹpù tó ń fọ gíláàsì mọ́tò, wọn ò ṣe é láti ṣiṣẹ́ mọ́jú, á jó.

Fèrèsé, ṣí i. Lóru, ìta máa ń tutù ju yàrá abẹ́ páànù lọ, tó o bá tì í ooru ògiri lo há mọ́lé. Òtútù tìẹ inú nẹ́ẹ̀tì ló wà. Lọ́sàn-án ni kó o fi kọ́tìnì bo èyí tí oòrùn ń kọjú sí. Kó o sì bá lándílọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ kun páànù yẹn ní ọ̀dà funfun, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ooru yẹn ti ń wọlé, tí ẹ bá sì lè rí fóòmù tẹ́ sórí sílíìnì á tún dáa sí i. Extension má wà nílẹ̀ nítòsí tíréè yẹn o, so ó kọ́ sára ògiri.

Plọ́ńbà Bàríga

Mo ti gbọ́ ti bọ́hòòlù. Họ́ọ̀sì àti kílípù ni kó o má ṣe gbàgbé, ẹnu heater core àti ẹnu pọ́ǹpù kì í sábà dọ́gba, gbé méjèèjì wá sí Bàríga kó o tó ra họ́ọ̀sì, màá wọ̀n ọ́n fún ẹ.