Ìkọ́ṣẹ́ tẹlifíṣàn: etí ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Ẹ̀yìn Kámẹ́rà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ wọ iṣẹ́ tẹlifíṣàn ló gbà pé ọjọ́ tí wọ́n bá débẹ̀ ni wọ́n máa gbé kámẹ́rà lé wọn léjìká. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe rí, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín, kí ẹni tó ń múra àtiwọlé lè mọ ohun tó ń lọ bá.

Yàrá ìdarí ni wọ́n fi mí sí. Níbẹ̀, olùdarí ètò máa ń kọjú sí ògiri tó kún fún ojú tẹlifíṣàn, kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹni tó ń yan àwòrán jókòó tì í, ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì. Ẹni tó ń ka àkókò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, onímọ̀ ohùn sì wà ní yàrá tirẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì. Wọ́n fi hẹdifóònù bọ̀ mí létí, wọ́n ní kí n jókòó, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, kí n ṣáà máa gbọ́.

Inú hẹdifóònù yẹn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu ètò ló ń gbọ́ olùdarí lórí talkback, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ wọ inú hẹdifóònù wọn: àwọn oníkámẹ́rà, oníná, olóhùn, àti floor manager tó dúró ti atọ́kùn nínú sítúdíò. Olùdarí kì í ṣàdédé yí àwòrán. Á kọ́kọ́ ní, "Kámẹ́rà kejì, múra sílẹ̀." Oníkámẹ́rà kejì á yára tún àwòrán rẹ̀ tò, á dúró digbí. Ìka ẹni tó ń yan àwòrán á ti bà lé bọ́tìnnì. Ìgbà yẹn ni olùdarí á wá sọ pé, "Gbé e." Iná pupa kékeré á tàn lórí kámẹ́rà kejì, ti àkọ́kọ́ á kú. Ẹni tí iná tirẹ̀ kú ló láyè láti rìn, láti fa àwòrán mọ́ra, láti wá ohun tó kàn lọ. Ẹni tí tirẹ̀ ń tàn kò gbọdọ̀ mira àyàfi tí wọ́n bá ní kó mira.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe ń gbọ́ èémí. Tí àlejò méjì bá ń jiyàn nínú ètò, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ mí sínú. Máìkì àyà rẹ̀ á gbé èémí yẹn, olùdarí tí etí rẹ̀ là á sì ti pe kámẹ́rà tó ń wo ẹni náà kó tó la ẹnu. Ará ilé tó ń wò kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti pẹ́, ẹnu tó ti ń lọ ni àwòrán rẹ̀ máa bá. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìyẹn ni mi ò ti fojú kéré ẹni tó bá ní kí ọmọ iṣẹ́ jókòó kó máa gbọ́.

Ẹni tó ń ka àkókò náà ńkọ́? Iṣẹ́ tí mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú yàrá yẹn nìyẹn. Ká ní ètò gbọ́dọ̀ parí ní aago mẹ́sàn-án géérégé, tí orin ìparí sì gùn ní ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà tó bá ku ogójì ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n á tan orin yẹn, kódà bí atọ́kùn bá ṣì ń sọ̀rọ̀. Wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Ìgbà tí atọ́kùn bá sọ pé ó dàárọ̀ ni olóhùn á gbé orin náà sókè, orin á sì parí lórí aago mẹ́sàn-án gan-an. Tí ètò bá ń bẹ̀rẹ̀ ńkọ́, floor manager á máa ka nọ́ńbà sísàlẹ̀ lóhùn rara, ṣùgbọ́n tó bá kù díẹ̀, ìka nìkan ló máa fi ń kà á, torí máìkì ti là.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló là á yé mi pé ibi tí gbogbo èyí ti wá ni pé nígbà àtijọ́, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ètò, ìyẹn ni pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ ni ará ilé ń wò ó. Ọdún 1956 ni ilé iṣẹ́ Ampex gbé ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sórí téèpù jáde fún iṣẹ́ tẹlifíṣàn. Kó tó dìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ètò ojú ẹsẹ̀ á gbé kámẹ́rà fíìmù síwájú ojú tẹlifíṣàn, á máa yà á níbẹ̀. Kò sí "ẹ jẹ́ ká tún un ṣe" fún wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí i fún wa nínú ìròyìn àti eré ìdárayá títí dòní.

Ó yá, ẹ̀ka wo ni wọ́n fi ẹ̀yin sí?

Olóhùn Jẹ́jẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Wáyà ni wọ́n fi mí sí, mo sì dúpẹ́ pé ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá wa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká wáyà mọ́ ìgbọ̀nwọ́. Inú wáyà ohùn, àwọn okùn kéékèèké ló lọ́ mọ́ra wọn, ẹni tó bá ń fi ìgbọ̀nwọ́ ká a, ńṣe ló ń fipá lọ́ wọn sí i títí wọ́n á fi já. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé a ó ká òrùka kan síta, a ó wá yí ọwọ́ kí èkejì ká sínú, a ó sì máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá á wá di etí rẹ̀ kan mú, á ju ìyókù síwájú lórí ilẹ̀. Tó bá nà tààrà láìta kókó, o mọ̀ ọ́n. Tí kò bá nà, ká a padà.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó wà lẹ́nu wáyà XLR, ìyẹn wáyà máìkì, náà ní ìtumọ̀. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilẹ̀. Ohùn kan náà ló ń gba èkejì àti ẹ̀kẹta kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n dojú ọ̀kan kọ ìdàkejì èkejì rẹ̀. Ariwo iná tó bá wọlé lójú ọ̀nà á wọ méjèèjì bákan náà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wá yí ọ̀kan padà lópin wáyà, ohùn méjèèjì á para pọ̀, ariwo méjèèjì á pa ara wọn. Ìdí nìyẹn tí wáyà máìkì fi lè gùn gan-an láìhùn. Ìgbà tí mo gbọ́ èyí ni mo tó mọ̀ pé wáyà kì í ṣe iṣẹ́ ìyà.

Nǹkan méjì sí i. Tí máìkì condenser, irú èyí tó nílò iná kó tó ṣiṣẹ́, kò bá dún, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ti tan phantom power, iná fóltì 48 tó ń gba inú wáyà lọ bá a, kí ẹ tó sọ pé ó ti bàjẹ́. Èkejì, tí iṣẹ́ bá parí níbì kan, ẹ ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́ ní ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ gba ohùn yàrá náà lásán. Ẹni tó máa to àwòrán àti ohùn pọ̀ lẹ́yìn náà á fi dí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀. Tó bá sì jẹ́ ilé èèyàn lẹ ti ń ṣiṣẹ́, tí ẹ pa fìríìjì torí ariwo rẹ̀, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín sínú fìríìjì yẹn. Ẹ ò ní lè lọ láìtan án padà.

Ọmọ Kádì:

Ìtọ́jú kádì tí kámẹ́rà ń gba àwòrán sí ni tèmi, mi ò ní sọ púpọ̀. A kì í pa ohun tó wà lórí kádì rẹ́ títí tí ẹ̀dà méjì bá fi wà níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí èèyàn sì ti ṣí wọn wò. Kádì tó ti kún, a máa ń lẹ nǹkan pupa mọ́ ọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mọ̀ ni ọ̀rọ̀ iná tó ń ṣẹ́jú. Níbi tí iná mànàmáná bá ti jẹ́ 50 hertz, ìyẹn iye ìgbà tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fírémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan) 25 tàbí 50 ni tẹlifíṣàn ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Níbi tó bá ti jẹ́ 60, 30 tàbí 60 ni, tàbí ohun tó súnmọ́ ọn. Ẹni tó gbé kámẹ́rà láti ibì kan lọ síbòmíì láìyí shutter rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n àkókò tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún fírémù kan, padà á rí i tí iná fluorescent ń ṣẹ́jú lórí ògiri. Ẹ fi shutter sí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá fún 50 hertz, 1/60 fún 60 hertz, ó sábà máa ń lọ.

Adúró-tiná:

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, inú mi dùn fún yín. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n gbà mí sí, wọ́n sọ mí di ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ láàárọ̀ lálẹ́. Ẹnì kankan kò kọ́ mi ní nǹkan kan, owó ọkọ̀ lásán wọn ò fún mi. Nígbà tó yá, oníná kan ṣàánú mi. Ó ní kí n máa wá lẹ́yìn ètò, kí n bi òun ní ìbéèrè kan péré, òun á dáhùn. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé gílóòbù tungsten máa ń wà ní nǹkan bí 3200 kelvin, òṣùwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì ń tó 5600, àti pé ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ láìfi gel, ọ̀rá aláwọ̀ tó ń yí àwọ̀ iná padà, bo ọ̀kan, ojú àlejò á pọ́n lápá kan, á sì dà bí àwọ̀ búlúù lápá kejì.

Ọ̀rọ̀ mi fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn: béèrè orúkọ ẹni tó máa kọ́ ẹ kí o tó gbà. Ibi tí wọn ò bá ti lè dárúkọ ẹnì kan pàtó, wọ́n kàn ń wá ẹni tó máa ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Tí wọ́n bá sì ní kí o gun àkàbà lọ tún iná ṣe, tí kò sẹ́ni tó di àkàbà mú, tí wọn ò pa iná náà kó tutù, kọ̀ fún wọn. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí ẹ.

Ẹ̀yìn Kámẹ́rà:

Adúró-tiná, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí, ohun tí ẹ sọ nípa orúkọ ẹni tó máa kọ́ni yẹn ló yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ béèrè.

Àbúrò kan kọ̀wé sí mi pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́, kí ni òun lè máa ṣe nílé. Tan ètò ojú ẹsẹ̀ èyíkéyìí, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tàbí bọ́ọ̀lù. Máa pe àwòrán tó kàn kí wọ́n tó yí i: "kámẹ́rà kejì, múra sílẹ̀, gbé e." Nígbà tó bá ti mọ́ ẹ lára díẹ̀, kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣàn, etí nìkan ni kí o fi pè é. Tó o bá ń lọ, wọ aṣọ dúdú àti bàtà tí kì í dún, mú bírò, ìwé kékeré àti tọ́ọ̀ṣì dání, kí o sì dé kí wọ́n tó tan iná. Tí wọ́n bá ti fi ẹ síbì kan, padà wá sọ fún wa.