Kí la ó pe "strain" ọkàn? "Ìsúnkì" ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta ni pé kí la ó máa pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní strain, tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ aláwòrán yẹ ọkàn wò. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá "ìnira ọkàn", ẹlòmíràn ní "ìyírísípadà", ẹnì kẹta ní "ìfún". Iṣẹ́ yìí gan-an ni mò ń ṣe lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká gba "ìnira" rárá. Mo ti rí ohun tó ṣe. Ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ni wọ́n sọ fún níbì kan pé àyẹ̀wò fi hàn pé ìnira wà nínú ọkàn rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, mo ní kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Kí n tó da jẹ́lì sórí ẹ̀rọ, màmá ti ń rojọ́ ọmọ tó rìnrìn àjò tí kò pè wálé mọ́. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé yóò hàn bó pẹ́ bó yá. Omi ń dà lójú wọn sórí ìrọ̀rí. Màmá kò ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́: ọkàn là ń pe ẹran tó ń lù kì-kì-kì nínú àyà, ọkàn náà là ń pe ibi tí ìbànújẹ́ ń gbé. Ẹni tó túmọ̀ ló wo Gẹ̀ẹ́sì tí kò wo ọkàn.

Kò sí ìnira nínú strain yìí. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹnjiníà tó ń fa irin wò ló ti wá. Mirsky àti Parmley ló mú un wọ ọ̀rọ̀ ọkàn lọ́dún 1973. Ohun tó ń béèrè ni pé, gígùn nǹkan yìí, báwo ló ṣe yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀? Okùn tó jẹ́ sẹ̀ntímítà 10 tó wá di 8 ti fi 20 nínú ọgọ́rùn-ún kúrú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn lápá òsì, èyí tó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Ṣóńṣó rẹ̀ nísàlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan; òkè ló ń sọ̀kalẹ̀ wá bá a, ẹran ògiri rẹ̀ á kúrú, á tún nà padà. Lójú ẹ̀rọ, ẹran náà ní àmì tótòtó bí ìyẹ́ ẹtù. Kọ̀ǹpútà á wá máa tẹ̀ lé àmì wọ̀nyẹn láti àwòrán kan dé èkejì, bí ọdẹ ṣe ń tọpa ẹran. "Ìtọpa tótòtó" ni mo ń pè é fún àwọn tí mò ń kọ́ níṣẹ́, kò sì sí ẹni tó bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀ rí.

Kí nǹkan kúrú wọnú ara rẹ̀, kí ni Yorùbá ń pè é? Súnkì. Ẹnì kan ti ní aṣọ tó bá súnkì kì í padà mọ́. Òótọ́ ni ti aṣọ, àmọ́ ekòló ń súnkì, ó ń nà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rìn. Pé àwọn onígírámà ti ń lo "ìsúnkì" fún ọ̀rọ̀ tí a gé kúrú kò dí wa lọ́wọ́. Gbòǹgbò igi kò bá gbòǹgbò ọ̀rọ̀ jà.

Ohun tó jẹ́ kí n nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ jù lọ nìyí. Nínú ìwé àyẹ̀wò, wọ́n ń kọ àmì ìyọkúrò síwájú nọ́ńbà: ọkàn tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń wà ní nǹkan bíi -20, èyí tó ti rẹ̀ lè jẹ́ -12. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ á máa ṣàṣìṣe, wọ́n á ní -12 ló pọ̀ jù. Tí a bá ti ní "ó súnkì ní 20 nínú ọgọ́rùn-ún", ìyọkúrò ti wà nínú ọ̀rọ̀ ìṣe fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sì ṣe pàtàkì. Ìdá ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde lè ṣì wà ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún bó ṣe yẹ, kí ìsúnkì ti lọ sílẹ̀, torí fọ́nrán inú tó nà láti òkè dé ṣóńṣó ni ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Àwọn fọ́nrán tó yí ọkàn po á ṣì máa gba iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ bíi doxorubicin, tó lè pa ọkàn lára, náà ńkọ́? Tí ìsúnkì wọn bá jẹ́ 20 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tó wá já wálẹ̀ kọjá 17, ìkìlọ̀ nìyẹn fún dókítà.

"Ìfún" ì bá dára, torí ọkàn ń fún ara rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì ohùn sí i, yóò sì di ìfun. "Ìyírísípadà" kò burú fún orúkọ gbogbo wọn lápapọ̀, torí ògiri yẹn máa ń nípọn sí i bó ṣe ń kúrú; "ìnípọn" ni mo ń pe ìyẹn, kì í ṣe "kíki", torí ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ló ń ki.

Ó ku ọ̀kan. Ṣóńṣó ń yí sí apá kan, òkè ń yí sí apá kejì, bí ẹni ń fún aṣọ tútù. "Lílọ́" ni mo ń lò. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń hun okùn ń lò fún un, ẹ bá wa kọ ọ́ wá.