Ráútà tuntun tàn, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì kò wọlé: ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Olùbéèrè: Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ́fíìsì kékeré kan ni èmi àti àwọn méjì kan jọ ń lò ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, níbi tí a ti ń tẹ ìwé tí a sì ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ fọ́ọ̀mù sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn oníntánẹ́ẹ̀tì fa wáyà fáíbà wọlé, wọ́n kan àpótí funfun kan mọ́ ògiri, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Àpótí náà kò ní Wi-Fi, ìdí nìyẹn tí mo fi ra ráútà. Mo fa wáyà láti ara àpótí sínú ọ̀kan nínú ihò mẹ́rin aláwọ̀ ìyeyè tó wà lẹ́yìn ráútà. Fóònù wa rí Wi-Fi, wọ́n sì so mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sí ojú ewé kankan tó ṣí. Èyí tó tún ń yọ mí lẹ́nu ni pé bí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti so mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, ráútà á kú, á sì tún tan ara rẹ̀. Kí n má gbàgbé: ẹsẹ̀ ṣájà tó bá a wá kò wọ ihò iná ti ilẹ̀ wa, nítorí náà ti ráútà wa àtijọ́ ni mo fi rọ́pò rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì wọ̀ ọ́ rẹ́gí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìnáwó o. Irú rẹ̀ ṣe mí rí ní ṣọ́ọ̀bù. Abẹ́rẹ́ ni mo fi tẹ ihò kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì bọ̀ sípò.

Oníṣẹ́ Wáyà: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ná. Bí a bá tẹ ihò yẹn mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 10, ńṣe ni ráútà yóò gbàgbé gbogbo ohun tí a ti tò sínú rẹ̀. Bó bá sì ṣèèṣì jẹ́ ti àpótí ara ògiri ni àbúrò wa tẹ̀, ohun tí àwọn oníntánẹ́ẹ̀tì tò síbẹ̀ lè parẹ́, ẹ ó sì máa retí wọn títí wọn yóò fi padà wá. Àbúrò, ihò ni ẹ ṣì. Àwọn ihò mẹ́rin yẹn, tí wọ́n ń pè ní LAN, ti kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. Ihò kan wà tó dá yàtọ̀, aláwọ̀ aró ló sábà máa ń jẹ́, tí wọ́n kọ WAN tàbí Internet sí: ibẹ̀ ni wáyà tó ti ara àpótí wá gbọ́dọ̀ wọ̀. Ẹ pa méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ tan àpótí, ẹ fún un ní bí ìṣẹ́jú méjì kí iná PON rẹ̀, èyí tó ń fi hàn pé wáyà fáíbà ti gbé íntánẹ́ẹ̀tì dé, dúró láìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tan ráútà. Mo ti rí ẹni tó so ó dáadáa tó sì tún tú u nítorí àìní sùúrù ìṣẹ́jú méjì yìí.

Olùkọ́ Físíìsì: Ní ti kíkú àti títàn yẹn, ṣájà ni mo fura sí. Ẹnu ṣájà lè wọ̀ kí agbára rẹ̀ má tó. Ẹ dojú ráútà dé, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì ka ti ara ṣájà. Iye fóòtì gbọ́dọ̀ bára mu. Iye ámpíà ti ṣájà lè ju ti ráútà lọ, nítorí ìwọ̀nba tí ráútà nílò ni yóò fà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín sí i.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. 12V (fóòtì) àti 1A (ámpíà) ni ráútà ń béèrè. 9V àti 0.6A ni wọ́n kọ sára ṣájà àtijọ́. Ojú tì mí díẹ̀. Mo ti ra ohun tí a fi ń yí ẹsẹ̀ ṣájà padà, mo sì ti dá ṣájà ráútà gan-an padà sí ìdí rẹ̀. Láti àárọ̀, kò tíì kú. Wáyà ti wà nínú WAN, iná ibẹ̀ sì tàn, síbẹ̀ kò sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Oníṣẹ́ Wáyà: Ó lè jẹ́ pé àdírẹ́sì kan náà, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń dá ara wọn mọ̀, ni àpótí àti ráútà ń jẹ́. 192.168.1.1 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbé wá láti ilé iṣẹ́, bí méjèèjì bá sì ń jẹ́ ẹ, ráútà kò ní mọ ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Ẹ so kọ̀ǹpútà kan mọ́ ihò ìyeyè, ẹ wọ ojú ewé tí a ti ń to ráútà, kí ẹ sì yí tirẹ̀ sí 192.168.10.1. Ẹ yí páásíwọ̀ọ̀dù tí wọ́n gbé e wá padà níbẹ̀ náà. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín bá ń lo Wi-Fi, 2.4GHz ni kí ẹ so ó mọ́ nínú oríṣi ìgbì Wi-Fi méjì tí ráútà máa ń gbé jáde, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í rí èkejì, 5GHz.

Olùbéèrè: Ó ti ṣí o! Ó ku ẹyọ kan: bí iná ìjọba bá lọ, kí a tó tan jẹnẹrétọ̀, fọ́ọ̀mù tí oníbàárà ti kọ dé ìdajì á ti sọnù.

Olùkọ́ Físíìsì: Wáàtì 12 (12V lọ́nà 1A) ni ráútà yín lè fà jù. Bí àpótí bá ń fa 6, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 18, bátìrì 12V oní 7Ah (ámpíà-wákàtí 7) sì gbé wáàtì-wákàtí 84 (12 lọ́nà 7), èyí tó tó bíi wákàtí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹ má so bátìrì mọ́ ráútà ní tààrà, nítorí nígbà tó bá ń gba iná, fóòtì rẹ̀ máa ń kọjá 13. Ẹ ra UPS kékeré, ìyẹn àpótí oníbátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ ró bí iná bá lọ, tí wọ́n ṣe fún ráútà, kí ó sì ní ihò méjì, nítorí bí àpótí ara ògiri bá kú, lásán ni ráútà ń tàn.

Olùbéèrè: Mo dúpẹ́ gan-an ni. N ó lọ ka ìdí àpótí náà kí n tó náwó.